Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ fi "The Yellow Wallpaper" ṣe fíìmù

Bùkọ́lá mi,

Màmá sọ fún mi pé ìtàn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà náà, Charlotte Perkins Gilman, lo fẹ́ fi ṣe fíìmù àkọ́kọ́ rẹ. Inú mi dùn débi pé mo tún gbé ìtàn náà kà lóru ọjọ́ yẹn. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́: jọ̀ọ́, má fi obìnrin tó wà lẹ́yìn bébà ògiri yẹn hàn wá.

Nínú ìtàn náà, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló ń sọ̀rọ̀; òun nìkan ló ń rí obìnrin tó há sẹ́yìn bébà ògiri. Dókítà ni John ọkọ rẹ̀. Yàrá òkè ló fi í sí pé kó sinmi, irin wà lójú fèrèsé, wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan. Síbẹ̀, ó ń kọ ọ́. Ohun tó ń kọ ní bòókẹ́lẹ́ là ń kà, tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ John, á sáré gbé e pamọ́. Tí kámẹ́rà bá wá dúró sí igun yàrá tó ń wò ó, ojú John la fi ń wò ó yẹn.

Ojú Gilman fúnra rẹ̀ rí i. Ó bí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní 1885, ìbànújẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ní 1887, Silas Weir Mitchell, dókítà ńlá ní Philadelphia, ní kó lọ jókòó sílé, kó máa fi wákàtí méjì péré ṣiṣẹ́ ọpọlọ lójúmọ́, kó má sì fọwọ́ kan gègé tàbí pẹ́ńsùlù mọ́ láyé rẹ̀. Ó gbọ́ràn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Iṣẹ́ tó padà sí ló gbà á là. Nígbà tí ìtàn náà jáde ní 1892, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí dókítà náà. Kò dá a lóhùn.

Èmi náà ti bímọ. Mo mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n máa jíròrò ara ẹni lójú ẹni, bí ẹni pé èèyàn ò sí níbẹ̀.

BBC ti ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n ní 1989, Kevin Pontuti ṣe tirẹ̀ ní 2021. Ti Logan Thomas, ní 2011, fi iná àti ikú ọmọ kún un. Kò wù mí rárá. Kí la fẹ́ fi àjálù ṣe, nígbà tí ìfẹ́ John ti tó láti ba èèyàn lẹ́rù? Ọkọ yìí ò lu ìyàwó. Ó gbé e lọ́wọ́ gòkè, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kàwé fún un títí orí fi rẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni kó o yà. Kó dùn ún wò.

Rántí àmì gígùn tó wà nísàlẹ̀ ògiri, tó yí yàrá ká, bí ẹni pé nǹkan kan ti ń ha ibẹ̀ ṣáá. Tètè fi hàn wá, má sọ ẹni tó ṣe é. Ó dìgbà tí ìyàwó náà bá ń rákò lọ, tí èjìká rẹ̀ bá bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́, ká tó mọ̀.

Tí John bá sì dákú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lójú ọ̀nà ìyàwó rẹ̀, má tíì dá kámẹ́rà dúró. Jẹ́ kí ìyàwó rákò gba orí ọkọ rẹ̀ kọjá, kó yí yàrá ká, kó tún padà gba orí rẹ̀.

Wádìí iye tí bébà ògiri náà jẹ́. Èmi ni máa san án.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.