Ẹ Má Gbàgbé Willy T. Ribbs

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn sí ohun tí ẹ kọ nípa Lewis Hamilton, aláwọ̀ dúdú tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ìdíje ọkọ̀ Formula 1, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ẹ kò dárúkọ Willy T. Ribbs, ọmọ Amẹ́ríkà tó wa ọkọ̀ Formula 1 ti ẹgbẹ́ Brabham fún ìdánwò ní 1986, nígbà tí aláwọ̀ dúdú kankan kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún 1991 ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ẹ́ńjìnnì dáṣẹ́ sílẹ̀ fún un léraléra, síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n fi ń yan àwọn awakọ̀ ń ṣú lọ, ó sá eré tó tó láti wọ Indianapolis 500, gbajúgbajà ìdíje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, òun aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, ó sì ń na apá sókè láti inú ọkọ̀ bí àwọn èrò ti ń hó. Lọ́jọ́ ìdíje gan-an, yípo márùn-ún péré ni ẹ́ńjìnnì náà gbé e dé.

Àwọn kan á ní kò gba ife níbẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé nínú iṣẹ́ yìí, awakọ̀ tí kò rí onígbọ̀wọ́ kò lè rí ọkọ̀ tó dára wà, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n wà tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní ojú ìwé tirẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín