Ayọ̀ Olúwa Kì í Ṣe Ohun Àfipáṣe

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ìwé yìí síbi tí àwọn olórí ìjọ àti àwọn òbí onígbàgbọ́ yóò ti rí i kà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù tó kọjá, bí a ti ń jó lọ síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́, ẹni tí ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú nínú ìjọ wa rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jókòó, ó sì kígbe pé ẹni tí kò bá jó kò mọ oore Ọlọ́run. Obìnrin náà dìde, ó ń jó, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì tí ó sin ọkọ rẹ̀. Ó dùn mí wọra, nítorí ó dà bí ẹni pé a ti sọ ayọ̀ di owó orí tí a ń fi túláàsì gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní.

Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tí ó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé, “Ẹ máa yọ̀ nínú Olúwa nígbà gbogbo.” Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí “máa” yẹn ń ṣe níbẹ̀: “ẹ yọ̀” lè jẹ́ ti ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n “ẹ máa yọ̀” jẹ́ ohun tí ènìyàn fi ń kọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lára, bí ìgbà tí a bá ní kí ọmọ máa kí àgbà. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fún wa kì í sì í ṣe ẹni tí kò mọ ẹkún. Àjàyí Crowther, tí ó ṣáájú wọn, ni wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, kò sì tún fojú kan ìyá rẹ̀ títí di ọdún 1846 ní Abẹ́òkúta. Nínú ìwé sí àwọn ará Gálátíà, èso ni Pọ́ọ̀lù pe ayọ̀. Kò sí àgbẹ̀ tí ó lè fi ariwo mú kí ọsàn pọ́n.

Ìyá mi, tí ó ta èlùbọ́ títí ọjọ́ ogbó rẹ̀, ní ọ̀nà tí ó fi ń tọ́jú èso yìí. Bí ohun rere kan bá ṣẹlẹ̀ lójúmọ́, ì báà ṣe pé oníbàárà kan san gbèsè tàbí pé ó tètè kó èlùbọ́ tí ó sá wọlé kí òjò tó dé, yóò ta kókó kékeré kan sí etí ìró rẹ̀. Lálẹ́, lẹ́yìn orin àdúrà, yóò máa tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ ohun tí kókó kọ̀ọ̀kan wà fún níwájú Ọlọ́run, àwa ọmọ yóò ṣe àmín. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó dákẹ́. Síbẹ̀, kókó kan wà ní etí ìró dúdú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “Olúwa, ẹ ṣeun fún ìyá tí ó gbé omi gbígbóná wá fún mi wẹ̀.” Lẹ́yìn náà, ó tún ń sunkún lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn olórí wa pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, nítorí Jésù pàápàá sunkún ní ibojì Lásárù. Èmi náà ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jó fún mọ́tò tuntun àti ilé, inú mi sì dùn fún wọn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó kàn rí oorun sùn lẹ́yìn oṣù kan náà jẹ́rìí. Nínú ilé wa, ẹ má jẹ́ kí àdúrà alẹ́ jẹ́ kìkì títọrọ.

Mo lọ kí ọ̀dọ́mọbìnrin náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò ní kó yọ̀. A jọ jókòó, a ń já ewé ẹ̀fọ́. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó wá ní ọmọ òun kékeré gbẹ́sẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lánàá. Mo fa etí ìró rẹ̀ mọ́ra, mo bá a ta kókó kan síbẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Ìyá Ìjọ kan, Ìbàdàn.