Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá Glasgow: ẹ ò parọ́

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé Fúnmi ló máa ka èyí sí yín létí torí ọ̀rọ̀ ojú yín. Fúnmi jọ̀ọ́ rọra kà á, má fo ibì kankan, pàápàá ibi tó máa bí Bọ̀ọ̀dá nínú.

Glasgow ní Scotland ni mo wà báyìí o. Ẹ ti gbọ́ pé ọmọ mi bímọ ọkùnrin, kejì rèé, ni mo bá wá bá a wẹ ọmọ, mo wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn láti Ìkẹjà, òtútù ṣì mú mi bí ẹni tó jí ẹran ẹ̀. Ilé tí òun àti ọkọ ẹ̀ rẹ́ǹtì wà ní Baillieston, apá ìlà-oòrùn ìlú, ẹ máa mọ ibẹ̀ jù mí lọ.

Tọ́sìdeè tó kọjá mo ní kí n ti ọmọ jáde nínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kí ìyá ẹ̀ lè sùn díẹ̀, mo wá yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àlòkù, aṣọ, abọ́, ìwé, bàtà, owó ẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń tajà níbẹ̀, "hen" ló ń pè mí ṣáá. Mo rò pé ó ń bú mi ni, adìyẹ kẹ̀! Àfi ìgbà tí mo délé tí ọmọ mi ní bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin níbí nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ fà á mọ́ra. Páálí kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kéékèèké kún inú ẹ̀, mo kàn ń ṣí wọn wò, mi ò wá nǹkan kan. Ni mo bá rí i. Iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù CBS, àárín ẹ̀ pupa bí ọsàn. "Ob-La-Di, Ob-La-Da". Ẹgbẹ́ olórin Marmalade.

Bọ̀ọ̀dá, mo jókòó sórí àpótí bàtà wọn.

Ẹ rántí pálọ̀ Òkè-Àdó àbí? Rédíógíráàmù tí ẹ gbé bọ̀ láti ọ̀hún ní 1971, tí ẹ máa ń fi aṣọ bò bí òkú, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹ máa gbé àwo yẹn sí i, gbogbo àwa ọmọdé á máa fò, "ọbẹ̀ la dín, ọbẹ̀ la dà", ohun tí etí wa gbọ́ nìyẹn, Ìyá àgbà á sì pariwo láti kíṣìnì pé ta ló da ọbẹ̀ òun nù. Bàbá mi á wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní àwọn ọmọ Glasgow ló kọ ọ́, bàbá mi ní irọ́ ni, Beatles ló ni orin yẹn, òun gan-an ní àwo wọn tó funfun ní ilé, orin náà sì wà nínú ẹ̀. Ẹ ní ẹ rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n onílé yín, ọkùnrin mẹ́rin wọ yẹ̀rì, ẹnì kan wọ aṣọ sójà pupa. Háà! Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yín bàjẹ́ pátápátá. Àtìgbà yẹn tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ nǹkan tó le díẹ̀ ní ilé wa, "irọ́ Glasgow" ni wọ́n ń pè é. Bàbá mi lọ sí ọ̀run pẹ̀lú ẹ̀.

Ó dáa, ẹ gbọ́. Mo mú àwo yẹn lọ bá ìyá yẹn láti sanwó, £2, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo mọ̀ pé ọmọ àdúgbò yìí ni wọ́n? Baillieston níbí! Mi ò sùn lóru yẹn, ọmọ ń ké, èmi ń ka fóònù.

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń jẹ́ Gaylords, ó di Dean Ford and the Gaylords, kí wọ́n tó lọ sí London tí wọ́n sọ ara wọn di Marmalade ní 1966, jáàmù ọsàn tí wọ́n ń fi sí búrẹ́dì (tani ń fi jáàmù sọ ẹgbẹ́ olórin o jàre). Beatles ló ni orin náà lóòótọ́, November 1968 ni àwo funfun yẹn jáde, bàbá mi ò jẹ̀bi ìyẹn. Àmọ́ Beatles ò gbé e jáde ní àwo kékeré ní Bìrìtìkó, àwọn Marmalade ni wọ́n yára gbé tiwọn jáde, January 1969 ó gba ipò kìíní nínú àwọn àwo tó tà jù, ẹgbẹ́ olórin Scotland àkọ́kọ́ tó máa dé ibẹ̀ nìyẹn. Inú wọn dùn débi pé wọ́n wọ kilt, yẹ̀rì ọkùnrin Scotland, lọ sórí Top of the Pops, ètò orin tẹlifíṣọ̀n, àwọn mẹ́rin tó jẹ́ ọmọ Scotland. Ẹnì karùn-ún, Alan Whitehead tó ń lu ìlù, ọmọ England ni, ìdí nìyẹn tó fi wọ aṣọ sójà pupa, aṣọ àwọn ọ̀tá wọn láyé àtijọ́, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Yẹ̀rì mẹ́rin, sójà kan. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ọ̀rọ̀ "ob-la-di, ob-la-da" tó wà nínú orin yẹn, ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ni McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, ti gbà á. Jimmy Scott, onílù kóńgà, ó ń lù káàkiri àwọn kílọ́ọ̀bù London, Emuakpor ni orúkọ ilé ẹ̀. Òyìnbó kọ ọ́ káàkiri pé èdè Yorùbá ni, pé ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ayé ń lọ. Ẹ gbà mí! Mo ti pé 57, Yorùbá ni mo fi ń lálàá, ọbẹ̀ nìkan ni mo rí níbẹ̀. Ọmọ Urhobo ni ọkùnrin náà, ìyàwó ẹ̀ sì sọ lẹ́yìn ikú ẹ̀ pé nǹkan tí bàbá ẹ̀ máa ń sọ fún un ní èdè Urhobo ni ọ̀rọ̀ yẹn, kò sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún ẹnì kan, Beatles gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni pé bàbá kan ní ilẹ̀ Urhobo ló ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé London, ó dé ẹnu àwọn ọmọ Baillieston, ó wá gba inú àpótí yín dé Òkè-Àdó, ọmọdé sì ń fi dín ọbẹ̀.

Mo tún gbọ́ orin wọn kejì, "Reflections of My Life", èyí tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lálẹ́, tí ẹ ti pa iná. Àwọn fúnra wọn ló kọ ìyẹn, Dean Ford àti Junior Campbell, 1969 ló jáde, ó ṣe ipò kẹta ní Bìrìtìkó, ó dé ìkẹwàá ní Amẹ́ríkà. A kì í fẹ́ràn ẹ̀ nígbà yẹn torí kò ṣeé jó. Báyìí tí mo wà nínú ilé ọmọ mi, tí ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́rin, mo gbọ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń fi ohùn bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ padà sílé, mo wá mọ ìdí tí ẹ fi ń paná.

Junior Campbell fi wọ́n sílẹ̀ ní 1971. Ẹ mọ iṣẹ́ tó wá ṣe? Òun àti ẹnì kan ló ṣe orin eré Thomas, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó lójú tó lẹ́nu yẹn. Ọmọ-ọmọ mi àgbà ń wò ó láràárọ̀, mo ń gbọ́ ọkùnrin yìí tipẹ́ láì mọ̀. Dean Ford ní tiẹ̀ gba Amẹ́ríkà lọ, ọtí mú un gan-an, ó ń wa ọkọ̀ àwọn olówó ní Los Angeles, ó wá jáwọ́ nínú ọtí, 31 December 2018 ló kú. Ẹgbẹ́ yín ni.

Fúnmi, rọra kà á níbí.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ fún wa nígbà kan pé gìtá tí Campbell ta nínú orin kejì yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n yí i sí, òótọ́ sì ni. Èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá, 1978, mo ní kí n gbọ́ bí "ọbẹ̀ la dín" ṣe máa rí tí mo bá yí i sẹ́yìn. Ẹ ò sí nílé. Mo ṣí aṣọ, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, mo fi ọwọ́ yí àwo yẹn sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ yọ̀, ó fa ilà láti etí dé àárín. Èmi ni. Kì í ṣe ọmọ tó ń bá wa gbé, tí ẹ gbá létí, tí ẹ dá padà sí abúlé wọn kí ọjọ́ kejì tó pé. Ó rí mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó rí mi, kò dárúkọ mi. Ohun tó sọ ò ju pé "kì í ṣe èmi", ẹ̀yin gan-an lẹ sì dáhùn pé irọ́ Glasgow ni.

Ìyẹn ló gbé mi jókòó sórí àpótí bàtà lọ́jọ́ náà.

Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀ wálé. Mo ti fi ìró wé àwo yẹn, inú àpò ọwọ́ mi ló máa wà, mi ò ní jẹ́ kó wọ báàgì ńlá. Ẹ ní kí Fúnmi wo rédíógíráàmù yẹn bóyá ó ṣì lábẹ́rẹ́. Bọ̀ọ̀dá, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ bá mi ronú orúkọ abúlé ọmọ yẹn. Mo mọ orúkọ ẹ̀, mi ò mọ ibi tí ẹ ní kí dẹrẹ́bà já a sí.

Ọmọ yín,
Adúkẹ́