Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó kọ́kọ́ ń ka àṣẹ sed tá a tẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ojú ìwé kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ń gbé jáde fún wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fi kún un torí ó ń dùn mí gan-an: tí ẹnì kan bá fi sed, irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì tó sì ń fi òmíràn rọ́pò ẹ̀, pààrọ̀ ọ̀rọ̀, tí kò sì ṣiṣẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé regex (àwọn àmì tá a fi ń ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ tá à ń wá) ti le jù, òun ò lè kọ́ ọ láéláé, á wá lọ ṣí fáìlì náà, á máa fọwọ́ yí i ní ìlà kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi ò gbà pé regex ló le. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọn ò mọ ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n tẹ̀.

Ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá tẹ àṣẹ sínú tẹ́ẹ́mínà, sed kọ́ ló máa kọ́kọ́ rí i. Shell ni, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ wa nínú tẹ́ẹ́mínà. Shell á ti ka gbogbo ẹ̀, á ti yí àwọn àmì tó jẹ́ tiẹ̀ padà, kó tó wá fi ìyókù lé sed lọ́wọ́. Àmì dọ́là jẹ́ ti shell, ó tún jẹ́ ti regex (òpin ìlà ló ń tọ́ka sí níbẹ̀), ìràwọ̀ náà bẹ́ẹ̀, bákísíláàṣì náà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan wà níwájú àti lẹ́yìn, báyìí: sed 's/2023$/2024/' iwe.txt. Ohun tó bá wà láàárín ẹ̀, shell ò ní fọwọ́ kàn án. Tó bá wá jẹ́ oníméjì lẹ fi sí i, tí lẹ́tà sì tẹ̀ lé àmì dọ́là, shell á gbà pé orúkọ variable (ibi tí shell ń tọ́jú nǹkan sí) ni, tí kò bá sì sí variable tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á fi òfìfo síbẹ̀, kò ní bá yín sọ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni mo ti ní ẹ̀bẹ̀ sí yín, Olóòtú. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń to ọ̀rọ̀ máa ń sọ àmì àyọlò tó dúró ṣánṣán di èyí tó tẹ̀ kọrọdọ. Ó rẹwà nínú ìròyìn lóòótọ́, àmọ́ shell ò mọ èyí tó tẹ̀ yẹn rárá, lẹ́tà lásán ló kà á sí, ẹni tó bá da àṣẹ yẹn kọ bó ṣe rí i gẹ́lẹ́ á kàn rí "unknown command", á sì rò pé òun ni òun ò mọ̀ ọ́n kọ. Dáàṣì méjì náà, ẹ̀rọ yẹn máa ń sọ wọ́n di ẹyọ kan tó gùn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń to ojú ìwé kí wọ́n pa ètò tó ń yí àmì padà yẹn tó bá ti kan àṣẹ.

Shell yìí náà ló ń sọ fáìlì àwọn èèyàn di òfìfo. Wọ́n á kọ sed 's/a/b/' iwe.txt > iwe.txt, kí sed tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, shell ti ṣí iwe.txt láti kọ nǹkan sínú ẹ̀, ó sì ti nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kanlẹ̀. Kò sí regex kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ regex ni wọ́n á máa bú.

Tó bá wá kan sed fúnra ẹ̀, àgbà irinṣẹ́ ni. Lee McMahon ló kọ ọ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1974, ọ̀dọ̀ ed, irinṣẹ́ àtúnṣe ọ̀rọ̀ tí Ken Thompson ti kọ ṣáájú, ló sì ti mú regex tiẹ̀. Perl, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí Larry Wall gbé jáde ní 1987, wá dé lẹ́yìn, òun ló sọ \d (nọ́ńbà èyíkéyìí) àti .*? (èyí tó kúrú jù tó bá a mu) di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, a wá ń gbé e wá bá sed tí kò mọ̀ ọ́n rí. Nínú sed, [0-9] ni kẹ́ ẹ kọ. Àmì + pàápàá, tẹ́ ò bá fi -E (tó ń sọ fún sed kó lo irú regex tó fẹ̀ sí i) síwájú, + gidi tó wà nínú ìwé ni sed á máa wá kiri. Tẹ́ ẹ bá sì kọ ".*" torí ẹ fẹ́ mú ọ̀rọ̀ kan tó wà láàárín àmì àyọlò, sed á mú láti àmì àkọ́kọ́ lórí ìlà yẹn títí dé èyí tó kẹ́yìn pátápátá, ìràwọ̀ kì í yó. "[^"]*" lẹ máa kọ.

"Unknown option to s" ńkọ́? Síláàṣì ti wà nínú ọ̀rọ̀ yín nìyẹn, bóyá ọ̀nà fáìlì bíi /home/iwe, sed wá rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ẹ lo s|èyí|ìyẹn| dípò ẹ̀. Àmì & náà sha, ẹ ṣọ́ ọ, tó bá wà ní apá kejì, ohun tí sed rí ní apá kìíní ló máa dà síbẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ ní \&.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni ìgbà tí sed ò bínú, tí kò sì yí nǹkan kan. Nígbà míì, orí Windows ni fáìlì ti wá, \r kan tí ojú ò rí wà ní òpin gbogbo ìlà, $ ò wá lè bá ọ̀rọ̀ yín mu. Àwa tá a ń fi Yorùbá kọ̀wé tún ní tiwa lọ́tọ̀: Unicode, ètò tó ń fún àwọn lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ò fún lẹ́tà ẹ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ọ̀tọ̀ ni lẹ́tà ẹ, ọ̀tọ̀ ni àmì ohùn tó wà lórí ẹ̀. Lẹ́tà ẹ pàápàá, kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ọ́ ní odindi, òmíràn á kọ e kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Méjèèjì jọra lójú, wọn ò jọra lójú sed. Tẹ́ ẹ bá kọ [ẹ́], nǹkan méjì lẹ fi sínú akámọ́ yẹn láìmọ̀, sed sì lè mú àmì ohùn nìkan kó fi lẹ́tà ẹ sílẹ̀, torí náà -E pẹ̀lú (ẹ́|ọ́) ló dáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, ẹ lo sed -n l iwe.txt, á fi \r hàn yín, sed ti GNU á sì fi nọ́ńbà lẹ́tà ẹ hàn: odindi á jáde ní \341\272\271, èyí tó já sí méjì á jáde ní e\314\243. Tẹ́ ẹ bá sì ní irinṣẹ́ tó ń jẹ́ uconv lórí kọ̀ǹpútà, uconv -x any-nfc á sọ gbogbo wọn di irú kan náà, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun.

Ohun tó kù ni -i, tó ń kọ àyípadà náà tààrà sínú fáìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sójú ìwé yín bí ohun téèyàn á kọ́kọ́ ṣe. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi grep -n (irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀, tó sì ń fi nọ́ńbà ìlà hàn) wo àwọn ìlà tó máa kàn, kí wọ́n wá ṣe sed 's/a/b/' iwe.txt | diff iwe.txt - kí wọ́n rí ohun tó máa yí padà, fáìlì ò tíì yí nígbà yẹn. Tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n lo -i.bak, torí -i lásán lórí Mac á gba àṣẹ tó tẹ̀ lé e bí ẹni pé ìrù orúkọ fáìlì ni, àmọ́ -i.bak ń ṣiṣẹ́ lórí Mac àti Linux bákan náà, fáìlì ti tẹ́lẹ̀ á sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú .bak lẹ́yìn orúkọ ẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan tó ń fi tẹ́ẹ́mínà ṣiṣẹ́