Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Kò Gbé Wa Débì Kankan

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
29 Oṣù Kejìlá, 2024

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé ara yín le? Orúnkún ńkọ́? Mo mọ̀ pé Ràṣídì ló ń ka lẹ́tà yìí fún yín, torí náà ẹ jẹ́ kí n tètè kìlọ̀ fún un. Ràṣídì, má fo ibì kankan, má sì fi tìrẹ kún un. Tí o bá ti dé ibi tí mo ti sọ iye owó tí mo ná, dúró ná, kí o kọ́kọ́ bu omi fún Màmá mu.

Ẹrù tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Gààrí náà kúnná, ẹ̀gúsí náà mọ́ tónítóní. Irú wà nínú agolo, agolo wà nínú ọ̀rá mẹ́ta, ọ̀rá sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ìyàwó mi ń tì ní kọ́kọ́rọ́, kí aládùúgbò má bàa pe ọlọ́pàá sí wa. Àdúrà yín náà dé. Iṣẹ́ ń lọ, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, kò sẹ́ni tó ṣàìsàn ju ọ̀fìnkìn lọ.

Ẹ ní ohùn mi ò dùn lórí fóònù lọ́jọ́ Kérésì. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé sọ nígbà yẹn, torí ìyàwó mi jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn án. Ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí.

Níbí, tí Kérésì bá ti ń bọ̀, àwọn kan máa ń fi ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ṣe fàájì fún àwọn ọmọdé. Wọ́n á fi iná wíníwíní ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, Bàbá Kérésì á wà nínú rẹ̀, á máa pín ẹ̀bùn kiri. Kí òtútù tó mú rárá ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí mo rí ìpolówó wọn, Màmá, orí mi wú. Èmi tí bàbá mi fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn, kí wọ́n wá máa polówó ọkọ̀ ojú irin ọdún níwájú mi, ṣé ojú mi á kúrò níbẹ̀ ni? Ìyàwó mi ní kí a fi owó yẹn ra bàtà òtútù fún àwọn ọmọ. Mo ní bàtà ò ní sá lọ.

Pọ́n-ùn 38 fún àgbàlagbà, 32 fún ọmọdé. Àwa mẹ́rin, 140. Ibi tí a gbé mọ́tò sí, 6. Ràṣídì, omi! Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, kò ní jìn sí 300,000, ìyẹn bí owó oṣù mẹ́rin fún ẹni tó ń gba 70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbé ọwọ́ lérí. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, mi ò tíì dé ibi tó ń bọ̀.

Wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọ aṣọ àwọ̀sùn wá. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ àwọ̀sùn nínú oṣù kejìlá, nínú òtútù tó ń gé etí! A fi aṣọ àwọ̀sùn náà lé orí aṣọ méjì mìíràn, Àánú wá wú bí àpò èlùbọ́. Ọlámidé ní tirẹ̀ gbé àpò kékeré kan kọ́ ẹ̀yìn, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u wò. A ò bi í léèrè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, òkúta ni mo rò pé ó kó sínú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé, 21 oṣù yìí, ni. A wa mọ́tò fún wákàtí kan àbọ̀ nínú òjò winniwinni. Ọkọ̀ tiwa máa gbéra láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ níbí, lásìkò yìí, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Èmi ò rò ó. Ta ló máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láìwo ìta? Gbogbo ohun tí a rí lójú fèrèsé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ojú ara wa.

Nínú ìpolówó, ẹ́ńjìnnì dúdú ńlá ló ń fa ọkọ̀, irú èyí tó ń jẹ èédú, tí èéfín ń rú lórí rẹ̀ gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀. Mo ti ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ títí ó fi sú wọn. A débẹ̀, wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, dísẹ́lì ló ń mu, ó rí gbọ̀ǹgbọ̀n bí àpótí, ó sì ń dún bíi jẹnẹrétọ̀ ilé Alájì ọ̀kánkán wa nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kú.

A ò tíì jókòó ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ìdílé kan, tábìlì kan, ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ìjókòó tí wọ́n fún wa, méjì wà ní kóòṣì kejì, méjì wà ní kóòṣì karùn-ún. Ìyàwó mi mú Àánú, èmi mú Ọlámidé, ó sì wò mí kó tó lọ. Ẹ mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà máa ń fi wo Bàbá.

Wọ́n gbé ṣokoléètì gbígbóná wá. Màmá, ọmọ ilẹ̀ tó ń gbin kòkó ni wá, ẹnìkan ò lè fi kòkó tàn wá jẹ. Omi ni. Omi lásán tí wọ́n kàn fi kòkó hàn lókèèrè, kò sì gbóná. Búrẹ́dì dídùn kan bá a rìn tó le débi pé Ọlámidé fi kan tábìlì, ó ní, "Dádì, gbọ́ ohùn ẹ̀."

Nígbà tí a rìn tó bí ogún ìṣẹ́jú, ọkọ̀ dúró. Ẹnìkan gbé ohùn sókè nínú gbohùngbohùn pé a ti dé ilé Bàbá Kérésì, ní ìpẹ̀kun àríwá ayé. Gbogbo wa rọ́ sójú fèrèsé. Ahéré oníbáńbù ìyá oníṣu tó wà lọ́nà Ìbòkun dára jù ú lọ. Ahéré onípákó kan ni, iná yíká rẹ̀, àgbọ̀nrín tí wọ́n fi pákó gé dúró níwájú, ọ̀kan nínú wọn sì ti dojú bolẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀. A wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn padà.

Bàbá Kérésì fúnra rẹ̀ pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A ti ń rí iná ìstéṣọ̀n kó tó sáré wọlé, irùngbọ̀n rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bàtà eré ìdárayá ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ju ẹ̀bùn sí tábìlì, ó ní "Hó hó" péré (kò dúró sọ "hó" ìkẹta), ó sì ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àánú tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá gba àwòrán onígi tí ọmọ ọwọ́ máa ń tò pọ̀, gígé mẹ́rin péré. Ìyá rẹ̀ ní ó dúpẹ́ dáadáa, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ nígbà tí ẹ wá síbí, inú yín ì bá dùn.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò lè fi rẹ́rìn-ín ni ti Ọlámidé.

Kí a tó dé ibi ahéré yẹn ló ti fi iwájú orí ti fèrèsé, tí ó ní, "Dádì, ṣé Òṣogbo ti sún mọ́?"

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó wá tú àpò rẹ̀. Páálí bisikíìtì kan ló wà níbẹ̀, tó fi lẹ́ẹ̀dì kọ MÀMÁ ÒṢOGBO jágbajàgba sí lára. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ìtàn tí mo máa ń sọ fún wọn lálẹ́ kí wọ́n tó sùn, ti ọkọ̀ ojú irin ni. Gbogbo ọkọ̀ ojú irin tó wà nínú ìtàn mi, Òṣogbo ló ń gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí mo wí fún ọmọ náà pé a ń lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ọdún, kí ni mo fẹ́ kó rò?

Ṣé ẹ rántí ọdún tí Ràṣídì ṣì wà lẹ́yìn yín? A wọkọ̀ ní Ìddó, èrò pọ̀ bí omi, ẹ so etí bùbá mi mọ́ etí ìró yín lápá ọ̀tún, ti Sẹ̀kínà lápá òsì, ẹ ní ẹni tó bá tú u, ibẹ̀ ló ń gbé. Ní Agége, Bàbá ra búrẹ́dì. Ní Láfẹ́ńwá, àwọn oníṣòwò gbé igbá wá sójú fèrèsé, Bàbá ní a ò ra nǹkan kan mọ́. Ẹ dúró kí oorun gbé wọn lọ, ẹ wá ra àkàrà àti ọsàn, ẹ fi ìka lé ẹnu sí wa. Láti Ìbàdàn lọ, mi ò mọ nǹkan kan mọ́, mo ti sùn. Ìgbà tí mo lajú, Ìyá Àgbà ló wà níwájú mi, tàwọn ti fìtílà. Wọ́n ti gbé àpótí jókòó síbẹ̀ láti ìgbà ìrun Àsárì. Wọn ò mọ aago tí ọkọ̀ máa wọlé, kò sì sí fóònù tí wọ́n fi máa bèèrè. Wọ́n kàn jókòó. A wá ru ẹrù gba ọ̀nà Ìstéṣọ̀n lọ sílé, wọ́n ń kì mí lọ, mo ń tòògbé lọ.

Kódà nígbà tí mo ti di géńdé, láyé Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó wá sílé ọdún, ìdúró ni mo dúró dé Abẹ́òkúta nígbà Iléyá kan. Ọmọ ẹnìkan sùn lé mi lẹ́sẹ̀, àgbò ẹnìkan ń ké níbì kan tí mi ò rí. Kọ́bọ̀ kan ò kúrò lápò mi. Ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ yín. Wọ́n ní kí a sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí mọ́tò wa níbi tí a gbé e sí. Ó ní, "Ibi tí a ti wọkọ̀ nìyí." Kò sunkún. Ó bá fi àpò kọ́ ẹ̀yìn padà.

Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó dé fìlà bíi ti giádì, òun ló ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó rí ojú ọmọ náà, ó bá wá tọrọ àforíjì, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ló ń fi ọwọ́ ara wọn tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó ní lẹ́yìn ìwé tí ọ̀gbẹ́ni Beeching kọ fún ìjọba wọn ní 1963 ni wọ́n ti ọ̀pọ̀ ọ̀nà irin pa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiwọn náà wà níbẹ̀, àwọn ará ìlú ló dáwó jọ tí wọ́n fi jí i dìde. Títí di òní, òfin ò jẹ́ kó sáré ju máìlì 25 lọ ní wákàtí kan. Inú mi rọ̀ díẹ̀. Èmi náà sọ fún un pé rélùwéè ti dé Ìbàdàn ní 1901, pé nígbà tó máa fi di 1909 tó dé Jẹ́bà, ó ti gba ìlú tiwa kọjá, pé Òṣogbo ìlú aró ni mo ti wá. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Ṣé ó ṣì ń rìn?" Mo ní èyí tuntun ti ń rìn láti Èkó dé Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, láti 2021. Ó ní, "Ìlú tìrẹ ńkọ́?" Mo ní òjò ti ń pọ̀ jù, kí a máa lọ.

Nínú mọ́tò, ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàtà." Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yẹn.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kí mi kú ọdún, wọ́n ní àwọn máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún mi tí mo bá tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò tíì fi èsì náà han ìyàwó mi. Ràṣídì, ẹnu ẹ, o ò gbọdọ̀ bá a sọ ọ́ lórí WhatsApp.

Màmá, ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀, mo ti di ẹrù yín fún un. Oògùn orúnkún wà níbẹ̀, ìborùn méjì wà níbẹ̀, páálí bisikíìtì náà sì wà níbẹ̀. Ọlámidé ti jẹ méjì nínú rẹ̀ nínú mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n sọ fún yín pé ebi ló fà á. Tó bá dé, tí orúnkún bá gbà fún yín, kí Ràṣídì fi ọ̀kadà tó mọ̀ọ́ wà dáadáa gbé yín lọ sí ìstéṣọ̀n. Kó gbé àpótí dání. Kí ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ gbé bisikíìtì náà lé itan, kó ya yín ní fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa, kí ọ̀nà irin hàn lẹ́yìn yín.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Ọmọ yín,
Múfútáù