Géètì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ló ń bu èèyàn jẹ

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní kí ìjọba fòfin de mímú ajá rìn láàárín ìgboro. Òótọ́ ni pé ajá ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, n ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ní Akóbọ̀ níbí, ajá tó wà lórí ṣéènì kọ́ ló ń bu èèyàn jẹ. Èyí tí olówó rẹ̀ ṣí géètì fún ní kùtùkùtù pé kó lọ yàgbẹ́ síwájú ilé onílé ni. Olówó rẹ̀ á ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mo tọ́jú lẹ́yìn tí ajá bù wọ́n jẹ, àwọn ìyá wọn á sì ti fi epo pupa àti irun ajá jíjó sójú ọgbẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn dé. Ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ tó forí lé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí onítọ̀hún tó yè é. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un kó tó fara hàn ló ń gbà á.

Alusásíàn ni ajá tèmi. Jákì ni mo ń pè é. Ọmọ mi ló mú un wá lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Ọdọọdún ló ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, káàdì rẹ̀ sì máa ń wà nínú báàgì mi. (Káàdì kì í pẹ̀tù sí ẹni tí inú ń bí o, ọkàn tèmi ló ń fi balẹ̀.)

Mo máa ń jẹ́ kí àwọn tó lọ kírun àsùbáà ti dé kí n tó jáde, torí wọn kì í fẹ́ kí ajá fara kan aṣọ wọn. Tí mo bá rí ẹnikẹ́ni lọ́ọ̀ọ́kán, màá sọdá sí òdìkejì, màá fa ṣéènì kúrú, ajá á wà lápá ibi tí gọ́tà wà, èmi á wà láàárín. N kì í wé ṣéènì mọ́ ìka. Ajá ńlá lè fi kán an. Àwọn géńdé kan máa ń gbó bí ajá sí i. Mo máa ń kí wọn ni, kí n sì máa lọ.

Bàbá kan na igi sí wa lọ́jọ́ kan. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ igi yẹn kalẹ̀, mo ti dì í mú.” Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn lọ́gbọ́n. N ò fèsì. Mo yí ajá padà, a gba ibi tá a bá wá. Nírọ̀lẹ́, mo lọ kí wọn láìmú Jákì dání, wọ́n sì fi àpá tí ajá dá sí wọn lára hàn mí. Ní báyìí, wọ́n á pè mí láti òkèèrè pé kí n dúró kí àwọn kọ́kọ́ kọjá.

Ajá tí kò ní ṣéènì lọ́rùn ni ìṣòro gidi, torí kò sí ẹni tá a fẹ́ bẹ̀ níbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń gbé agboòrùn dání nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ń bọ̀, màá ṣí agboòrùn gbàgà sí i lójú, yóò dúró. Tí ajá méjì bá ti wọ̀yá ìjà, ẹ má ki ọwọ́ bọ àárín wọn láé. Ẹni tí kò ní nǹkan lọ́wọ́, kó má sáré, kó má pariwo, kó má sì tẹjú mọ́ ajá tó ń bọ̀. Kó dúró sójú kan, kó ká ọwọ́ mọ́ àyà, títí yóò fi kúrò. Tó bá gbé e ṣubú, kó ká jọ, kó fi ọwọ́ bo etí àti ọrùn.

Ìpàdé àwọn onílé wa ń bọ̀ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí. Mo fẹ́ ká bu owó ìtanràn lé ilé tí ajá rẹ̀ bá ń dá rìn. Bí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn bá jẹ́ ará àdúgbò wa, kó wá kín mi lẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Akóbọ̀, Ìbàdàn