AA lánàá, AS lónìí: ta ni ká gbà gbọ́?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ gbéyàwó lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù níbì kan l'Ákùúrẹ́ yìí, wọ́n ní AA ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kó tún un ṣe níbòmíràn, AS ló gbé bọ̀. AS sì ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀! Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tán, aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. A padà lọ bá àwọn tó kọ AA, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀: "Ẹ san owó míì, ká tún un ṣe."

Owó míì kẹ̀!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwámárìídìí mọ́. Láti 1949 ni Linus Pauling, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi hàn pé inú hemoglobin, tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara, ni àléébù fòníkú-fọ̀ladìde wà. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn náà. Pé àkọ́bí jẹ́ SS kò ní kí àbúrò rẹ̀ yè é. Ní 2023, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìwòsàn tó ń tún jíìnì ṣe. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n ń tà á l'Ámẹ́ríkà. Ta ló fẹ́ san ìyẹn lọ́jà Ọba? Àwọn kan ti ń tún jíìnì ṣe, àwa ò tíì lè ka lẹ́tà méjì kó pé. AA lánàá, AS lónìí!

Àwọn ìjọba tó jókòó sí Alágbàká ńkọ́? Bó bá di 19 oṣù kẹfà, ọjọ́ àwọn tó ní àrùn yìí lágbàáyé, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí.

Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe rèé: kí wọ́n yẹ ọmọ tuntun wò kó tó kúrò nílé ìgbẹ̀bí. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀, kí wọ́n kán an sórí káàdì, kó gbẹ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ HPLC, tó ń ya oríṣi hemoglobin sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wà. Káàdì gbígbẹ kò nílò fíríìjì, ọkọ̀ èrò lè gbé e láti Ìdànrè tàbí Ọ̀wọ̀ wá. Kí wọ́n má fi ẹ̀rọ pọ́ọ́kú ṣe é o, torí hemoglobin inú oyún ló ṣì pọ̀ lára ìkókó, ó lè bo hemoglobin S mọ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sínú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, níbi tí ìyá ò ti ní sọ ọ́ nù. Ọmọ tó bá jẹ́ SS á tètè bẹ̀rẹ̀ pẹnisílínì àti oògùn ibà, ẹni tó bá sì jẹ́ AS á ti mọ̀ kó tó mọ ẹni tó máa fẹ́.

Kí wọ́n ti àwọn ibi àyẹ̀wò tí kò ní ìwé àṣẹ pa. Kí wọ́n sì bá wa dín owó hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìrora àrùn yìí kù, kù.

Òǹkàwé yín,
Ìjọ́mú, Àkúrẹ́.